Igi Méjìdínlógójì

Ìfọ́tí ni bàbá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó kọ́kọ́ mú mi dé ẹ̀yìn ilé ìlagi, níbi tí wọ́n máa ń to gẹdú sí kí ẹ̀rọ tó là á. Ó fi ẹ̀yìn àáké kan ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ó dì. Pàá! Ó tún kàn án. Mo ní ó ṣófo. Pàá! Ó ní, "Àbá lò ń dá. O ò gbọ́ nǹkan kan." Òótọ́ ló sì sọ. Àbá ni mò ń dá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Igi àgbà kì í fi àìsàn rẹ̀ han ojú. Ewé rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀, kí èèpo rẹ̀ máa dán, kí inú rẹ̀ sì ti jẹrà láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka. Tí àwọn agégẹdú bá gé irú igi bẹ́ẹ̀, kì í ṣubú síbi tí wọ́n fẹ́ kó ṣubú sí. Á là lójijì, á yí, á sì mú èèyàn lọ. Ọ̀kan pa ọ̀rẹ́ bàbá mi lójú rẹ̀, aṣọ ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n fi dá a mọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó fi ayùn kan igi ńlá kankan, bàbá mi ni wọ́n máa ń mú lọ sídìí rẹ̀. Á fi ẹ̀yìn àáké kàn án, á gbé etí lé e, á ní, "Ó dì," tàbí, "Òdo ni." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é, kò sì ṣì rí. Gbọ́gi ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orúkọ náà bá a délé, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní òpin àdúgbò náà gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ má bínú pé mò ń sọ "ó" nípa bàbá tó bí mi. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é, mi ò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí bí etí mi ṣe máa ń hó nígbà yẹn, àpọ́nlé máa ń bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo fi máa pé ọdún mẹ́rìnlá, mo ti ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo kan ogún igi léraléra tí mi ò ṣì kan, mo dúró kó yìn mí. Ó ní kí n lọ gbé omi kaná.

Igbó kan wà lẹ́yìn odò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi ayùn kàn. Igi ibẹ̀ dàgbà ju ìlú wa lọ. Ilé-iṣẹ́ agégẹdú ti ń wò ó tipẹ́ bí ajá ṣe ń wo eegun lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n wọn ò wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ojú ń tì wọ́n. Ẹ̀rù ni. Wọn ò mọ èyí tó dì, wọn ò mọ èyí tó jẹrà, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán an wò. Ọdún tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, máníjà wọn fúnra rẹ̀ wá sílé wa, ó jókòó sórí àga wa tó ti fẹ́ wó, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kó bá àwọn kan igi igbó yẹn lẹ́ẹ̀kan péré.

Bàbá mi ní, "Ẹ lọ fi orí yín kàn án."

Nígbà tí máníjà lọ tán, bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Ó wá sọ fún ògiri, kì í ṣe fún mi, pé gbogbo igi tí òun ti ní "ó dì" fún láyé òun, wọ́n ti di pákó. Ó ní èyí tó kù lẹ́yìn odò yẹn, òun fẹ́ kó wà lóòró lẹ́yìn ikú òun.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n mìíràn yọ. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé igbó náà ti gbó jù, pé gbogbo igi ibẹ̀ ti jẹrà nínú, pé kí wọ́n fún àwọn láṣẹ láti fi katapílà wó o pátá, kí àwọn gbin tuntun. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀? Wọ́n fẹ́ fi àìmọ̀ wọn ṣe ẹ̀rí.

Bí ẹgbẹ́ wa tó gbé wọn lọ sí kóòtù ṣe dìde nìyẹn. A háyà yàrá kan lórí ṣọ́ọ̀bù mi. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ẹ̀dà ìwé ni mò ń ṣe níbẹ̀; ẹ̀rọ méjì ni mo ní, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí di akọ̀wé ẹgbẹ́, torí ẹni tó ní ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń fi jẹ akọ̀wé. Alága wa jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń wá kíláàsì tó máa bá sọ̀rọ̀ kiri. Ó bá wa sọ̀rọ̀ títí àga fi ń dun èèyàn. Lọ́yà wa jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí ọjọ́ Jímọ́ tó pé. Òun ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ Alága lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ẹ gbọ́. Wọ́n ní igi yẹn ti jẹrà. Adájọ́ ò ní í gba orin. Ta ló lè wá sọ fún un, igi kan lẹ́yìn òmíràn, pé wọn ò jẹrà?"

Gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ń fi epo nu àáké rẹ̀ lọ́wọ́. Awọ funfun kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì lè kọ nọ́ńbà ńlá sínú ìwé.

Ó ní, "Ìwé tí ẹ bá kọ, àwọn náà mọ̀ ọ́n kà."

Mo ní, "Bàbá, tí a ò bá kọ ọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa wó."

Ó ń nu àáké náà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní òun máa lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òun.

"Kí ló dé, Bàbá? Mo ṣáà mọ iṣẹ́ náà."

"Ìwọ lo máa búra ní kóòtù. Ohun tó ò bá mọ̀, wọn ò lè bi ẹ́."

Mo gbà á sí ìwọ̀sí. Mo ní lọ́kàn mi, kò fẹ́ kí n dúró ti òun nídìí igi kó má di pé a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Mi ò ronú sí ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n gbé wò lọ́tùn-ún lósì, mo gbé e mì bí omi.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe é. Mọ́tò Alága á gbé e dé etí odò láàárọ̀, á gbé e padà nírọ̀lẹ́. Tó bá dé ìdí igi, á fi àdá bó èèpo díẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan àyà, á fi òòlù onínọ́ńbà tó fi ṣiṣẹ́ láyé ìgbà náà lu nọ́ńbà igi náà wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. Lẹ́yìn náà á kàn án, á gbọ́, á kọ ọ́ sínú ìwé: ìlà kan tó bá dì, òdo tó bá ṣófo. Igi igba lé méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ló fi òdo sí. Ìyókù, ìlà.

Ó ju ìwé náà sórí tábìlì mi, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí."

Lọ́yà ní torí pé èmi ni mo máa búra sí i, kí n lọ yẹ igi mẹ́wàá wò. Mo gbé àáké, mo lọ. Igi mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ìwé mu. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Èèyàn mẹ́jọ ò ní í di ọwọ́ mọ́ra yí i ká. Òdo ni bàbá mi kọ sí i. Mo kàn án. Mo tún kàn án. Mo gbé etí lé e títí èèpo rẹ̀ fi há sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Igi náà dì pinpin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹnu mi náà ni màá fi sọ ọ́: inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè, èmi nìkan, nínú igbó. Gbọ́gi ṣì! Bàbá tí kò ṣì rí, tó fọ́ mi létí títí mo fi ń gbọ́ agogo níbi tí kò sí agogo, ó ti ṣì! Mi ò padà sílé lẹ́yìn igi mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi yẹ igi igba lé méjìlá náà wò, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ń jẹ bisikíìtì nídìí igi. Igi méjìdínlógójì ni mo bá níbi tó ti kọ òdo sí igi tó dì.

Àwọn méjìdínlógójì yìí ló tóbi jù nínú igbó náà. Kò sì sí ẹyọ kan tó ti ṣì sí apá kejì, tó kọ ìlà sí igi tó ṣófo. Etí tó bá ń kú a máa ṣì sọ́tùn-ún, a máa ṣì sósì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ronú díẹ̀ á ti mọ̀ pé kì í ṣe etí ló ṣe èyí. Ṣùgbọ́n ayọ̀ burúkú ti di mí lójú.

Mi ò sọ fún un. Mo sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí, pé arúgbó tí ojú rẹ̀ ń lọ, kò yẹ kí èèyàn tún sọ fún un pé etí rẹ̀ ń lọ. Irọ́ ni mo ń pa. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé mo mọ̀, òun ò mọ̀. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo yí òdo méjìdínlógójì padà sí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tí mo bá sì yí padà, ó ń ṣe mí bíi pé mo dá ìfọ́tí kan padà fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kejì mo búra níwájú akọ̀wé kóòtù pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. Òótọ́ sì ni.

Ẹjọ́ náà gba ọdún kan àti oṣù méjì. Ní ọjọ́ tí a gbé ìwé náà sílẹ̀, lọ́yà ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan, bí òfin ṣe sọ. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ó tiẹ̀ tẹrí ba díẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Lọ́yà wa ń retí pé á bú ìwé náà, á pè é ní irọ́, á pe bàbá mi ní arúgbó aláìmọ̀wé. Ọkùnrin náà dìde, ó ní, "Olúwa mi, a fara mọ́ gbogbo rẹ̀." Ó jókòó.

Ìgbà yẹn ni mo rí i tí lọ́yà wa dẹ́kun kíkọ ohun tó ń kọ.

Ìdájọ́ tí wọ́n dá rèé. Adájọ́ ní òun yin àwọn méjèèjì, torí pé ìwé ẹgbẹ́ yìí ni ohun kan ṣoṣo tí tọ̀tún-tòsì gbà nínú ẹjọ́ náà. Ó ní ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ wó igbó náà. Igi tó bá ṣófo, tí ẹyẹ àti àdán ń gbé inú rẹ̀, títí ayé ni ó máa wà níbẹ̀. Igi tó bá dì, bó ṣe wà nínú ìwé, wọ́n lè gé e, kó má baà ṣòfò.

Igi ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin. Àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tó jẹrà ló kù fún wa.

Alága gbé ọwọ́ mi sókè níwájú kóòtù kí àwọn oníròyìn lè ya fọ́tò. Ó ní ìṣẹ́gun ni. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo fẹ́ bi í pé ẹwà wo nìyẹn, ṣùgbọ́n máníjà ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́ láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọlúwàbí ni, ẹ má wò ó.

Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Bàbá yín ò gbà láti bá wa ṣe é lọ́jọ́sí. Ẹ̀yin lẹ bá wa ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ló ṣáájú mi.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ níwájú ilé. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí mọ́ nígbà yẹn. Mo dúró, mo ka ìdájọ́ náà sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń retí kó bú sí ariwo. Ẹ̀rín ló bú sí. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó ní, "Jókòó. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí. Mo bá àwọn èèyàn yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí o tẹ̀ lé mi nìyẹn. Igi tó dára jù nínú igbó yẹn, òdo ni mo kọ sí gbogbo wọn lórí. Méjìdínlógójì. Kóòtù ti fi òfin dè wọ́n báyìí, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn wọ́n láéláé."

Ó ń fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi kiri lórí apá àga. Ó rí i, ó dì í mú.

"Mẹ́tàdínlógún ni bàbá gbogbo wọn. Tí àwọn olè yẹn bá gé tiwọn tán tí wọ́n lọ, wàá mú mi débẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ bà á."

Mo ní, "Ẹ káre, Bàbá."

Kí ni ǹ bá tún sọ? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́yà kó tó ṣí ọ́fíìsì. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi kan pamọ́. Ó gbọ́ mi parí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ohun tó o tẹ̀ síbẹ̀, ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, Mà. Òótọ́ ni."

"O búra sí òótọ́. Kí lo wá fẹ́ kí n sọ fún adájọ́? Pé bàbá ẹ parọ́, ìwọ sọ òótọ́, kí ó jọ̀ọ́ kó gba irọ́ bàbá ẹ?"

Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn tí mo bá ń jáde. Mo lọ bá Alága náà. Ó ń yan irú àwọ̀ tí wọ́n máa fi kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ rì mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó, níbi tí igi jíjẹrà méjìdínlọ́gbọ̀n wà. Ó bi mí léèrè bóyá àwọ̀ ewé dára ju àwọ̀ búlúù lọ. Mo ní búlúù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ilé wa wà lójú ọ̀nà tó ti odò wá sí ilé ìlagi, níbi tí òkè ti mú kí mọ́tò rọra máa rìn. Ilé-iṣẹ́ a máa fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà igi gàdàgbà sí ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Bàbá mi ní kí n gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun, kí n máa ka nọ́ńbà náà fún òun. Ìwé igi igba lé méjìlá wà nínú orí rẹ̀ pátá. Tí mo bá ka ọ̀kan, á ní, "Ìlà," á mi orí, á mú un kúrò nínú àwọn alààyè. Ó ń dùn ún, mo rí i lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fara dà á. Ó ní àwọn méjìdínlógójì ń bẹ lẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀kan nínú wọn kọjá. Nọ́ńbà ogójì. Mo wo ọ̀dà pupa náà, mo ní, "Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, Bàbá."

"Ìlà," ló wí.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn méjìdínlógójì bá kọjá, màá fi nọ́ńbà igi mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn kọjá níwájú bàbá mi, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, torí kò mọ̀ wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á máa sọ̀rọ̀ nípa bí mẹ́tàdínlógún ṣe dún lọ́jọ́ tó kàn án. Ó ní ó dún bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó sì rò ó pé kò yẹ. Mo ń gbọ́, mò ń kó abọ́.

Irọ́ kì í ní ẹsẹ̀ gígùn, èmi náà mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tírélà kan ń gun òkè bọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń kérora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi kan ṣoṣo ló gbé. Mo rí nọ́ńbà rẹ̀, mo wo bàbá mi.

"Nọ́ńbà wo nìyẹn? Ó wúwo."

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, Bàbá."

Ó yí etí sí ojú ọ̀nà. "O ti pe mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé wọ́n gé igi kan lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Kí n tó rí irọ́ mìíràn pa, táyà tírélà náà dún gbà! Ó bẹ́ síwájú ilé wa gan-an, bíi pé ẹnì kan rán an. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń bú táyà náà tìyá-tìyá, ó ń wá jáàkì. Bàbá mi ti dìde. Ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, eruku pọ̀ níbẹ̀." Kò tilẹ̀ yíjú.

Ó kí awakọ̀, ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kan igi náà. Awakọ̀ ní kó má yọ òun lẹ́nu, kó fọwọ́ kàn án tó bá wù ú, kì í ṣe ẹyin. Bàbá mi na ọwọ́ sókè, ó rí èèpo, ó tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí àdá ti bó o. Ìka rẹ̀ wọ inú àmì òòlù tirẹ̀.

"Ọ̀kan," ó wí. Ìka náà rìn díẹ̀ sí i. "Méje."

Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan igi náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé etí lé e. Èmi náà gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Ó dì pinpin.

"Ta ló kàn án?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Nígbà wo?"

"Kí n tó tẹ ìwé náà. Mo rò pé etí yín ti ń kú ni. Mi ò fẹ́ dójú tì yín."

"Irọ́ lò ń pa."

Mo ní, "Irọ́ ni. Inú mi dùn pé ẹ ṣì í."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ aago tó lù fún. "Mélòó lo rí?"

"Méjìdínlógójì."

"Gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá."

"O ò ṣì kan."

"Mi ò ṣì kan."

Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo sún ojú mi mọ́ ọn kó má baà tàsé, torí ojú rẹ̀ ò ríran. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó fọ́ mi létí títí ilẹ̀ á fi yí mọ́ mi lójú. Ọwọ́ náà bà lé etí mi wẹ́rẹ́, ó dì í mú, ó fi àtàǹpàkò rọra ra á.

Ó ní, "Mo kọ́ ẹ dáadáa."

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí kó sọ ọ́.

Awakọ̀ ti pààrọ̀ táyà rẹ̀ tán, ó ní kí a kúrò lọ́nà fún òun. Mo di bàbá mi lápá mú padà sórí àga rẹ̀. Nígbà tí tírélà náà ti gun òkè tán, ó fi ọ̀pá kan àga mi, ó ní kí n jókòó. Ó ní láti òní lọ, kí n máa kà á bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, mi ò gbọdọ̀ fo kankan, títí wọ́n á fi gé e tán. Mo jókòó. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù nínú àwọn méjìdínlógójì, tírélà mìíràn sì ti ń gun òkè bọ̀.